Bí a ṣe ń mọ power factor, bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n, àti bí a ṣe ń tún un ṣe

Ẹni tí ó bá ra jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n kọ 20 kVA sí lára, tí ó sì ń to ẹrù iná rẹ̀ bí ẹni tí ó ra 20 kW, ti gbé ọkàn lé 4 kW tí kò sí níbẹ̀, nítorí pé púpọ̀ nínú jẹnẹrétọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tí à ń lò ní Àbújá àti káàkiri Òkè Ọya ni wọ́n ṣe fún power factor 0.8 (power factor ni ìdá tí ó ń ṣiṣẹ́ gan-an nínú gbogbo agbára tí waya ń gbé), tí ó fi jẹ́ pé 16 kW ni ẹ́ńjìnnì wọn lè gbé. Ohun tí ó wà láàárín 20 àti 16 yẹn ni mo fẹ́ ṣàlàyé. Mo kọ ọ́ fún àwa Yorùbá tí a ń ṣiṣẹ́ iná níhìn-ín, àti fún àwọn tí wọ́n ní iléeṣẹ́ omi inú ọ̀rá ní Lugbe, yàrá ẹja dídì ní Kubwa, ilé ìlagi ní Dei-Dei, tàbí ilé gbígbé lásán tí ó ní bọ́hòòlù àti inverter, kí wọ́n lè mọ ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n náwó lórí ọ̀rọ̀ yìí àti ìgbà tí kò yẹ.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú waya

Iná tí ó ń ti orí òpó wọlé wa kì í gba ojú kan lọ bíi ti bátìrì. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ó fi jẹ́ pé ìyípo kọ̀ọ̀kan ń gba mìlísẹ́kọ́ǹdì 20. Bí ó bá jẹ́ áyọ́ọ̀nù tàbí ẹ̀rọ ìgbómikaná ni a so mọ́ ọn, fóltéèjì àti kọ́rẹ́ǹtì jọ ń gòkè, wọ́n jọ ń sọ̀ kalẹ̀, gbogbo ohun tí waya bá sì gbé débẹ̀ ni ó ń di ooru. Power factor irú ẹrù bẹ́ẹ̀ jẹ́ 1, tàbí kí ó sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí.

Ọ̀rọ̀ yí padà bí a bá dé ọ̀dọ̀ mọ́tọ̀ iná, tiransifọ́mà, choke inú gílóòbù gígùn tí ó rí bí ọ̀pá, àti ẹ̀rọ àwọn ajórin. Kóìlì, ìyẹn waya tí a yí jọ, ni ó wà nínú gbogbo wọn, kóìlì kò sì lè ṣiṣẹ́ àfi bí ó bá kọ́kọ́ di òòfà. Òòfà yìí ń gbà lára iná nígbà tí ó ń gbèrú. Bí ó bá ṣe ń tú ká, ó ń dá ohun tí ó gbà padà sínú waya, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà kọ́rẹ́ǹtì ń rìn lẹ́yìn fóltéèjì. Bí power factor bá wà ní nǹkan bíi 0.7, ìdúrósẹ́yìn náà tó dígírì 45, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́jọ ìyípo kan, tàbí mìlísẹ́kọ́ǹdì 2.5. Ojú kò lè rí i, ṣùgbọ́n waya mọ̀ ọ́n, bírékà náà sì mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo alábàárù tí ó ń ru iṣu ní ọjà Wuse. Iṣu ni ẹni tí ó pè é ń fẹ́, iṣu náà ni yóò sì kù sínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n abọ́ ńlá tí ó fi rù ú ń bá a lọ, ó sì ń bá a padà, ọrùn rẹ̀ ni ó sì ń gbé méjèèjì. Agbára tí ó ń ṣiṣẹ́ gan-an, tí à ń fi kW kà, ni iṣu. Agbára àlọ-àbọ̀ tí òòfà ń gbà tí ó sì ń dá padà, tí à ń fi kvar kà, ni abọ́. Ohun tí waya, jẹnẹrétọ̀ àti tiransifọ́mà gbé lọ́rùn ni kVA. Abọ́ náà kì í ṣe ìfiṣòfò, nítorí pé mọ́tọ̀ tí kò ní òòfà kò lè yí. Ohun tí à ń fẹ́ ni kí ó má ti ọ̀nà jíjìn wá. Kapásítọ̀ ni a fi ń ṣe èyí: òun náà ń gba agbára àlọ-àbọ̀, ó sì ń dá a padà, ṣùgbọ́n ní òdìkejì àsìkò ti kóìlì, tí ó fi lè bọ́ òòfà mọ́tọ̀ láti ìtòsí.

A kì í kàn ro kW àti kvar pọ̀ bẹ́ẹ̀ lásán, nítorí pé wọn kì í dé òkè lákòókò kan náà. Ẹ sọ kW di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ẹ sọ kvar náà di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ẹ ro èsì méjèèjì pọ̀, kí ẹ wá tẹ √ lórí ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù yín. Bí kW bá jẹ́ 80, tí kvar sì jẹ́ 60, a ó ní 6,400 àti 3,600, àpapọ̀ wọn jẹ́ 10,000, kVA sì jẹ́ 100. Power factor ni kW tí a fi kVA pín, ìyẹn 80 ÷ 100, tí ó jẹ́ 0.8. Bí ẹ bá rí cos φ lára mọ́tọ̀ kan, òun náà ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ibi tí ìpalára rẹ̀ ti ń hàn

Waya kì í yan kọ́rẹ́ǹtì tí ó ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí ó kàn ń lọ tí ó ń bọ̀. Méjèèjì ni ó ń mú un gbóná. Ooru náà kì í sì í pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú kọ́rẹ́ǹtì: bí áńpù bá di ìlọ́po méjì, ooru inú waya di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí bírékà fi ń já nígbà tí ẹni tí ó ń ka wáàtì bá ń sọ pé ẹrù kò tíì kún. Tiransifọ́mà 300 kVA tí ó ń bọ́ àdúgbò kan lè gbé 285 kW bí power factor bá jẹ́ 0.95, ṣùgbọ́n 210 kW péré ni yóò gbé kí ó tó kún bí ó bá jẹ́ 0.7. Àwọn tí wọ́n wà ní ìparí waya, níbi tí òpó pin sí, ni wọ́n ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára, nítorí pé kọ́rẹ́ǹtì tí ó pọ̀ jù ń jẹ fóltéèjì lójú ọ̀nà, ẹ̀rọ ìfami wọn yóò sì máa kùn láìgbéra ní ìrọ̀lẹ́.

Àwọn tí wọ́n ń gbé iná kiri orílẹ̀-èdè náà ń bá ọ̀rọ̀ yìí yí, àní láti ìhà kejì pàápàá. Ìlà 330 kV tí ó gùn gbọọrọ, tí ẹrù orí rẹ̀ kò sì pọ̀, ń hùwà bíi kapásítọ̀ ńlá, fóltéèjì ìparí rẹ̀ lè ga ju bí ó ti yẹ lọ, kóìlì ńláńlá tí a ń pè ní reactor ni wọ́n sì fi ń fà á wálẹ̀ ní ibùdó iná. Mo mẹ́nu bà á kí ẹ lè mọ̀ pé àṣejù kapásítọ̀ náà ní ewu tirẹ̀, a ó sì padà sórí rẹ̀ nígbà tí a bá dé ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀.

Ṣé owó iná yóò dínkù?

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù nìyí: “Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá so kapásítọ̀ mọ́ ilé mi, ṣé yúníìtì mi yóò pẹ́ sí i?” Fún ilé gbígbé tí ó ń lo mítà àsansílẹ̀, rárá ni ìdáhùn mi, mo sì fẹ́ kí ó yé gbogbo ènìyàn yékéyéké nítorí owó tí àwọn aráalé wa ń pàdánù lórí rẹ̀. Kílówáàtì-wákàtí ni mítà ilé ń kà. Agbára àlọ-àbọ̀ ń wọlé, ó sì ń jáde padà, mítà náà kì í sì í yọ yúníìtì nítorí rẹ̀.

Láti ìgbà tí NERC, àjọ tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná ní Nàìjíríà, ti gbé owó iná àwọn tí wọ́n wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí a ṣèlérí iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́, lọ sí ₦225 fún kílówáàtì-wákàtí kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024, bí iye náà tilẹ̀ ti yí padà lẹ́yìn náà, gbogbo ilé ni ó ń wá ọ̀nà tí owó iná yóò fi rọjú. Inú àyè yẹn ni àwọn tí wọ́n ń ta àpótí kékeré tí a ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ní ó ń dín owó iná kù, ti ń jẹun. Bí a bá tú ọ̀pọ̀ nínú wọn, kapásítọ̀ kékeré kan àti iná tíńtín tí ó ń tàn lójú rẹ̀ ni a ó bá níbẹ̀. Ẹni tí ó ń tà á yóò gbé clamp meter, mítà tí ń ka áńpù, mú waya fáànù, yóò fi hàn yín pé áńpù ti wálẹ̀, áńpù náà sì wálẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí kò ní fi hàn yín ni pé wáàtì kò kúrò níbi tí ó wà, wáàtì ni mítà sì ń kà. Ìwọ̀nba yúníìtì tí waya inú ilé lè fi ooru ṣòfò kéré gan-an, kò lè san owó àpótí náà padà. Bí ẹ bá fẹ́ kí yúníìtì pẹ́, ẹ wo ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìgbómikaná, fíríísà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò pa dáadáa mọ́, àti ẹ̀rọ amúlétutù tí a kò fọ.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gan-an ni àwọn tí wọ́n ní tiransifọ́mà tiwọn, àwọn tí jẹnẹrétọ̀ wọn ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, àwọn tí kébùlù wọn gùn láti ojú mítà dé ibi iṣẹ́, àti àwọn tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rọ kún ẹ̀rọ láìpààrọ̀ tiransifọ́mà tàbí kébùlù. Kí oníléeṣẹ́ ńlá tún ka ìwé owó iná rẹ̀ àti àdéhùn rẹ̀ dáadáa. Bí ó bá rí owó tí a gbé lé kVA tàbí kvar níbẹ̀, kapásítọ̀ yóò dín owó náà kù ní tààrà; bí ó bá jẹ́ kWh nìkan, èrè rẹ̀ wà nínú kébùlù, tiransifọ́mà àti jẹnẹrétọ̀, ibẹ̀ ni kí ó sì ti ṣírò rẹ̀.

Wíwọ̀n ọ́n nínú ilé

Mítà àsansílẹ̀ àti clamp meter kan tó láti mọ power factor ẹ̀rọ ìfami. Clamp meter ni mítà tí ó ní ẹnu tí a fi ń gbá waya mú, tí ó ń ka áńpù láìgé waya. Oníṣẹ́ iná ni kí ó ṣí pánẹ́ẹ̀lì, kì í ṣe ọmọ ilé.

Lójú mítà yín, iná pupa kékeré kan wà tí ó ń ṣẹ́jú, nọ́mbà kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bíi 1000 imp/kWh tàbí 1600 imp/kWh. Òun ni ó ń sọ iye ìgbà tí iná náà yóò ṣẹ́jú kí yúníìtì kan tó tán. Ẹ pa gbogbo ohun tí ó ń lo iná nínú ilé, ẹ yọ ṣájà fóònù pàápàá, kí ẹ sì dúró wò ó títí yóò fi dẹ́kun ṣíṣẹ́jú. Bí ó bá ṣì ń ṣẹ́jú, ohun kan ṣì ń jẹ iná níbì kan, ẹ sì gbọ́dọ̀ wá a rí. Lẹ́yìn náà, ẹ tan ẹ̀rọ ìfami nìkan, ẹ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí ó lè balẹ̀, kí ẹ wá tẹ aago inú fóònù lẹ́ẹ̀kan náà tí iná pupa náà bá ṣẹ́jú. Ẹ má ka ṣíṣẹ́jú àkọ́kọ́ yẹn, torí pé òun ni ìbẹ̀rẹ̀; ẹ ka mẹ́wàá tí ó tẹ̀ lé e, kí ẹ sì dá aago dúró lórí ìkẹwàá.

Ká sọ pé lórí mítà 1000 imp/kWh, mẹ́wàá náà gba ìṣẹ́jú àáyá 34. Ṣíṣẹ́jú iná náà kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì-wákàtí kan, nítorí náà ẹ sọ 10 di púpọ̀ ní ọ̀nà 3,600, kí ẹ sì fi 34 pín in: 1,059 wáàtì ni. Bí mítà bá jẹ́ 1600, ẹ fi 1.6 pín èsì náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́, kí oníṣẹ́ iná fi ẹnu clamp meter gbá waya kan ṣoṣo mú. Bí ó bá gbá waya iná àti níútúrà mú pọ̀, òfo ni yóò kà, torí pé ọ̀kan ń lọ, èkejì ń bọ̀. Ká sọ pé ó ka 6.2 áńpù, tí fóltéèjì sì jẹ́ 228. Ẹ sọ méjèèjì di púpọ̀: nǹkan bíi 1,414 VA. Ẹ wá fi 1,414 pín 1,059, power factor ẹ̀rọ náà jẹ́ 0.75, èyí tí kò ṣàjèjì fún ẹ̀rọ ìfami kékeré. Fún kọ̀ǹpútà, tẹlifíṣọ̀n àti gílóòbù LED, ẹ lo clamp meter tí wọ́n kọ True RMS sí lára, nítorí pé kọ́rẹ́ǹtì wọn rí gánńgàn-gàǹgàn, mítà olówó pọ́ọ́kú yóò sì kà á ṣì.

Ríra jẹnẹrétọ̀ àti inverter

Ẹ̀yà méjì ni ó wà nínú jẹnẹrétọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní ààlà tirẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ni ó ń gbé kW, àlítánétọ̀ sì ni ó ń gbé kVA. Fún jẹnẹrétọ̀ 20 kVA oní-fééṣì mẹ́ta, ààlà ẹ́ńjìnnì jẹ́ 16 kW, ti àlítánétọ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi 28 áńpù lórí fééṣì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹrù yín bá jẹ́ 14 kW ní power factor 0.65, ẹ́ńjìnnì náà kò tíì kún, ṣùgbọ́n 14 ÷ 0.65 jẹ́ 21.5 kVA, àlítánétọ̀ sì ti kọjá ààlà rẹ̀. Yóò máa gbóná díẹ̀díẹ̀, èèpo waya inú rẹ̀ yóò máa gbẹ, ọjọ́ tí ó bá sì jóná, wọn yóò sọ pé ayédèrú ni. Nítorí náà, bí ẹ bá ń to ẹrù fún jẹnẹrétọ̀, ìlà méjì ni kí ẹ kọ: ọ̀kan fún kW, ọ̀kan fún kVA, kí méjèèjì sì wà lábẹ́ ààlà.

Ní ti inverter, kì í ṣe gbogbo 5 kVA ni ó ń gbé iye wáàtì kan náà. Òmíràn jẹ́ 4,000 wáàtì, òmíràn jẹ́ 5,000. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ wáàtì sí nínú ìwé rẹ̀. Kí ẹ sì rántí pé mọ́tọ̀ tí ó ń jí lè gba ìlọ́po márùn-ún sí méje áńpù rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ẹ̀rọ ìfami 6.2 áńpù tí a wọ̀n lókè lè béèrè ohun tí ó lé ní 8 kVA kí ó tó balẹ̀. Ìdí nìyẹn tí inverter 3.5 kVA fi ń ké tí ó sì ń pa, bí 1,059 wáàtì tilẹ̀ kéré lójú rẹ̀.

Iléeṣẹ́ oní-fééṣì mẹ́ta

Iléeṣẹ́ tí ó ní mítà ńlá kò nílò kíka iná pupa. Mítà náà sábà máa ń ka kW, kVA, kvar àti power factor lójú ara rẹ̀, bí a bá ṣe ń tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ síwájú. Ẹ má kà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ kà á ní òwúrọ̀ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ní ọ̀sán tí gbogbo ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, àti nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ lọ jẹun, fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, nítorí pé kapásítọ̀ tí a bá rà lórí kíkà kan ṣoṣo kì í sábà bá iṣẹ́ mu.

Kí ẹ tó ronú kan kapásítọ̀ rárá, ẹ lọ wo àwọn mọ́tọ̀ yín, torí pé ibẹ̀ ni mo ti ń rí àléébù tí ó rọrùn jù láti tún ṣe. Ẹ ka àwo irin ara mọ́tọ̀ ẹ̀rọ ìlagi kan: 7.5 kW, 400 V, 15 A, cos φ 0.83, 50 Hz. 0.83 yẹn jẹ́ ti ìgbà tí ẹrù bá kún. Ẹ jẹ́ kí ayùn náà máa yí láìsí igi lẹ́nu rẹ̀, kí ẹ sì fi clamp meter wò ó; ó lè ka 6 tàbí 7 áńpù. Ẹni tí kò mọ̀ yóò sọ pé mọ́tọ̀ ń ṣe ìdajì iṣẹ́, ṣùgbọ́n òòfà ni ó ń gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú áńpù yẹn, power factor rẹ̀ ní wákàtí yẹn sì lè lọ sílẹ̀ ju 0.3 lọ. Òòfà náà kì í dín nítorí pé iṣẹ́ dín. Nítorí náà, ilé ìlagi tí ó ń jẹ́ kí ayùn mẹ́rin máa yí nígbà tí ọ̀kan péré ń la igi, tàbí tí ó ra mọ́tọ̀ 15 kW fún iṣẹ́ 5 kW torí pé ó rí i ní tòkúǹbọ̀, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa power factor wálẹ̀. Ẹ pa èyí tí kò ṣiṣẹ́. Bí mọ́tọ̀ kan bá jóná, ẹ fi èyí tí ó bá iṣẹ́ mu rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀rọ àwọn ajórin tí ó jẹ́ ti àtijọ́, èyí tí ó ní kóìlì ńlá nínú, ń fà á wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ti ìgbàlódé tí ó fúyẹ́ máa ń lo áńpù tí ó kéré fún iṣẹ́ kan náà.

Lẹ́yìn àtúnṣe wọ̀nyí ni kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣírò kapásítọ̀. Ká sọ pé ilé ìlagi náà ń lo 40 kW ní power factor 0.7, lórí 415 fóltì. 40 ÷ 0.7 jẹ́ 57.1 kVA, áńpù orí fééṣì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ nǹkan bíi 79. A fẹ́ gbé e dé 0.95. Nọ́mbà kan wà fún ìgbésókè kọ̀ọ̀kan, tí a ó fi sọ kW di púpọ̀ kí a lè mọ kvar tí a nílò: láti 0.60 dé 0.95, ó jẹ́ 1.00; láti 0.65, ó jẹ́ 0.84, láti 0.70, ó jẹ́ 0.69, láti 0.75, ó jẹ́ 0.55, láti 0.80, ó jẹ́ 0.42; láti 0.85, ó jẹ́ 0.29. Tiwa jẹ́ 40 ní ọ̀nà 0.69, ìyẹn 27.6 kvar.

Níbi ríra rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Kapásítọ̀ tí wọ́n kọ 30 kvar, 440 V sí lára kì í ṣe 30 kvar lórí 415 fóltì, torí pé agbára rẹ̀ ń tẹ̀ lé fóltéèjì ní ìlọ́po pẹ̀lú ara rẹ̀. Ẹ fi 440 pín 415, ẹ sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, kí ẹ sì fi sọ 30 di púpọ̀: 26.7 kvar ni ẹ ó rí gbà. Síbẹ̀, mo fara mọ́ ríra ti 440 V ju ti 415 lọ, torí pé fóltéèjì wa máa ń ga ní òru nígbà tí ẹrù bá fúyẹ́, kapásítọ̀ tí kò ní àyè sókè kì í sì í pẹ́ láyé. Pẹ̀lú 26.7 kvar yìí, power factor ilé ìlagi náà yóò dé 0.94, kVA yóò sọ̀ kalẹ̀ sí 42.4, áńpù yóò sì di 59. Ooru tí kébùlù ń fi ṣòfò láti tiransifọ́mà dé pánẹ́ẹ̀lì yóò dínkù ní nǹkan bíi ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ má lépa 1 gan-an. Owó tí ó wà láàárín 0.95 àti 1 kì í padà wá, ó sì rọrùn láti kọjá rẹ̀ sí òdìkejì.

Bí a ṣe ń so ó

Bí mọ́tọ̀ kan bá wà tí ó ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, a lè so kapásítọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, kí wọ́n jọ máa tàn, kí wọ́n jọ máa kú. Kí kvar rẹ̀ má kọjá ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún kvar tí mọ́tọ̀ náà ń gbà nígbà tí ó ń yí láìsí ẹrù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, nígbà tí a bá pa á, kapásítọ̀ yóò máa bọ́ òòfà rẹ̀, mọ́tọ̀ tí ó ṣì ń yí yóò di jẹnẹrétọ̀ fún ìgbà díẹ̀, fóltéèjì rẹ̀ yóò sì ga sódì. A kì í so kapásítọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìjáde inverter, tàbí ti ẹ̀rọ tí ń yí eré mọ́tọ̀ padà, láéláé.

Fún ilé ìlagi tí ẹrù rẹ̀ ń gòkè ń sọ̀ kalẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì tí ó ń ṣe é fúnra rẹ̀ ló dára jù. A pín kvar náà sí ọ̀nà bíi 5, 10 àti 15, ẹ̀rọ olùdarí kan ń ka power factor, ó sì ń tan èyí tí ó yẹ. CT tí ó fi ń ka kọ́rẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ wà lórí waya tí ó ń ti mítà wọlé, ṣáájú ibi tí ẹrù àti kapásítọ̀ ti pínyà. Bí a bá fi sí ẹ̀yìn, tí ó ń ka ẹrù nìkan, olùdarí kò ní rí iṣẹ́ tí kapásítọ̀ ṣe, yóò sì tan gbogbo wọn láìpa ọ̀kankan. Kọ́ńtáktọ̀ (ṣíwíìṣì tí olùdarí fi ń tan kapásítọ̀, tí ó sì fi ń pa á) tí wọ́n ṣe fún kapásítọ̀ ni kí ẹ lò, èyí tí ó ní waya ìdínà kéékèèké lórí, nítorí pé kọ́rẹ́ǹtì tí kapásítọ̀ ń fà ní ìṣẹ́jú tí a bá tàn án lè lẹ ẹnu kọ́ńtáktọ̀ lásán pọ̀. Bírékà tirẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po kan ààbọ̀ áńpù rẹ̀. Fún 30 kvar, 440 V, áńpù rẹ̀ jẹ́ 39.4, bírékà 63 ni yóò gbà á.

Jẹnẹrétọ̀ wá ńkọ́? Níhìn-ín tí iná ìjọba àti jẹnẹrétọ̀ ti ń pààrọ̀ ara wọn lójoojúmọ́, ó yẹ kí a fara balẹ̀ gan-an. Bí kapásítọ̀ bá pọ̀ ju ohun tí ẹrù nílò lọ, kọ́rẹ́ǹtì yóò ṣáájú fóltéèjì, AVR, ẹ̀yà jẹnẹrétọ̀ tí ń mú fóltéèjì dúró déédéé, kò sì ní lè darí fóltéèjì mọ́. Yóò máa ga, ó sì lè ba ohun tí ó wà lórí iná jẹ́. Ẹ ṣètò rẹ̀ kí kapásítọ̀ kúrò lórí ìlà fúnra rẹ̀ bí changeover bá ti bọ́ sí ọ̀dọ̀ jẹnẹrétọ̀, kí ó má sì wọlé àfi bí ẹrù bá ti balẹ̀, tí olùdarí sì ń darí rẹ̀. Ẹni tí ó bá so kapásítọ̀ mọ́ bọ́s (irin tí ń pín iná) pánẹ́ẹ̀lì láìsí ìdarí, tí jẹnẹrétọ̀ sì wá tan nígbà tí ayùn kankan kò tíì ṣiṣẹ́, ti fi jẹnẹrétọ̀ náà sínú ewu.

Iléeṣẹ́ tí ó ní UPS ńlá, ọ̀pọ̀ gílóòbù LED, tàbí ẹ̀rọ tí ń yí eré mọ́tọ̀ padà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kọ́rẹ́ǹtì àwọn wọ̀nyí ti dàrú, kapásítọ̀ lásán kò lè tò ó, ó tilẹ̀ lè bá tiransifọ́mà fọwọ́ sowọ́ pọ̀ láti sọ ìdàrú náà di ńlá. Reactor 7% ni a ń so mọ́ iwájú kapásítọ̀ irú ibẹ̀, kapásítọ̀ fúnra rẹ̀ yóò sì jẹ́ ti 480 V tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ooru Òkè Ọya jẹ́ ọ̀tá kapásítọ̀. Èyí tí wọ́n kọ −25/D sí lára lè fara da 55°C fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba wákàtí 24 rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá 45°C, oṣù kẹta àti oṣù kẹrin sì lè mú inú yàrá tí a fi páànù bò, tí kò ní fèrèsé, kọjá ibẹ̀, pàápàá ní Sokoto àti Maiduguri níbi tí afẹ́fẹ́ ìta fúnra rẹ̀ ń kọjá 40°C. Ẹ fi pánẹ́ẹ̀lì sí ibi òjìji, ẹ fi àlàfo sílẹ̀ láàárín kapásítọ̀ kan àti èkejì, kí ẹ sì fọn eruku ọyẹ́ kúrò lójú fáànù rẹ̀ kí oṣù kejì tó parí.

Bí a bá pa iná, kapásítọ̀ kì í kú lójú ẹsẹ̀. Ìlànà àgbáyé ni pé kí ó wálẹ̀ sí 75 fóltì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, ṣùgbọ́n waya ìtújáde rẹ̀ lè ti já. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n láàárín ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ má fi sukudiráfà pa ẹnu rẹ̀ pọ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá parí iṣẹ́, ẹ kọ áńpù kapásítọ̀ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé pẹ̀lú fóltéèjì ọjọ́ náà, kí ẹ sì lẹ ìwé náà mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pánẹ́ẹ̀lì. 30 kvar, 440 V tí a mú ṣe àpẹẹrẹ yóò fà nǹkan bíi 37 áńpù lórí fééṣì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nígbà tí fóltéèjì bá jẹ́ 415. Ẹ máa padà wọ̀n ọ́n ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Bí ó bá ti wálẹ̀ sí 33 lórí fóltéèjì kan náà, tàbí tí fééṣì kan bá ti yàtọ̀ sí méjì yòókù, tàbí tí orí rẹ̀ bá ti wú, ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀.